Sítáǹbù Tí Òǹtẹ̀ Ti Lù Ṣáájú: Ìtàn Rẹ̀ àti Ìbẹ̀rẹ̀ Kíkó O Jọ

Sítáǹbù olóǹtẹ̀-ṣáájú ni sítáǹbù tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ti tẹ ìlà, orúkọ ìlú tàbí nọ́ńbà sí lójú kí ó tó tà á, kí ó tó kan ara lẹ́tà rárá. Nínú ìlànà tó wọ́pọ̀, ẹni tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ ni yóò lẹ sítáǹbù, òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni yóò sì lu òǹtẹ̀ lé e lẹ́yìn náà, kí ẹnikẹ́ni má baà bó o kúrò kó tún un lò. Ti èyí yàtọ̀. Òǹtẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, lẹ́tà ló tẹ̀lé e.

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló bí i. Nígbà tí ilé ìtajà kan bá fẹ́ fi ìwé ìpolówó ọjà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá oníbàárà, òṣìṣẹ́ tí yóò lu òǹtẹ̀ lé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò jókòó tì í títí ọwọ́ yóò fi máa ro ó. Ṣùgbọ́n bí òǹtẹ̀ bá ti wà lórí abala sítáǹbù kí wọ́n tó tà á, ilé ìfìwéránṣẹ́ yóò kàn ka àwọn ìwé náà, yóò tò wọ́n sí ọ̀nà ìlú tí wọ́n ń lọ, wọ́n á sì gbéra. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀kan fún lẹ́tà kan wá di èyí tí wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀kan fún odidi abala. Oníṣòwò jèrè àkókò, ìjọba jèrè owó iṣẹ́. Amẹ́ríkà ni àṣà yìí ti gbilẹ̀ jù lọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kó sítáǹbù olóǹtẹ̀-ṣáájú jọ ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1840 ni sítáǹbù àkọ́kọ́ láyé, Penny Black, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lẹ́yìn tí Rowland Hill ti jà fún un pé kí ẹni tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ máa san owó rẹ̀ ṣáájú. Tàdáwà pupa ni wọ́n fi ń lu òǹtẹ̀ lé sítáǹbù dúdú náà, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé èèyàn lè fọ pupa yẹn kúrò kí ó tún sítáǹbù lò. Ní 1841 wọ́n sọ sítáǹbù di pupa, wọ́n sì sọ tàdáwà òǹtẹ̀ di dúdú. Ìbẹ̀rù pé sítáǹbù kan lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kò kúrò lọ́kàn àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ láti ìgbà náà. Ó sì tọ́ kí ẹni tó fẹ́ mọ sítáǹbù olóǹtẹ̀-ṣáájú dáadáa fi ìbẹ̀rù yìí sọ́kàn, nítorí ibi tí àṣà náà kù sí gan-an nìyẹn: ẹni tó bá bó irú sítáǹbù bẹ́ẹ̀ kúrò lára lẹ́tà yóò bá a gẹ́lẹ́ bó ṣe rí ní ọjọ́ tí wọ́n rà á. Ọ̀pọ̀ òfin tí ìjọba ṣe lórí rẹ̀ fún ohun tó lé ní àádọ́rin ọdún, ihò yìí ni wọ́n fẹ́ dí.

Amẹ́ríkà gbé sítáǹbù tirẹ̀ jáde ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1847, ti sẹ́ǹtì 5 tó ní àwòrán Benjamin Franklin àti ti sẹ́ǹtì 10 tó ní ti George Washington. Ní Wheeling, ìlú tó wà ní Virginia nígbà náà tó sì bọ́ sí West Virginia nígbà tí ìpínlẹ̀ yẹn dá dúró ní 1863, ilé ìfìwéránṣẹ́ ń fi àmì onílà pupa tẹ àwọn sítáǹbù 1847 wọ̀nyí kí ó tó tà wọ́n. Bí lẹ́tà bá wá wọlé, wọ́n ṣì ń lu òǹtẹ̀ mìíràn lé e, nítorí náà àmì Wheeling súnmọ́ àmì ìdánimọ̀ ju òǹtẹ̀ tòótọ́ lọ. Síbẹ̀, àwọn tó mọ ìtàn yìí kì í fò ó. Ní Cumberland, ìlú kékeré kan ní Maine, wọ́n fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ òǹtẹ̀ sórí sítáǹbù sẹ́ǹtì 3 tó jáde ní 1857, èyí sì ti di òǹtẹ̀-ṣáájú pọ́ńbélé. Bí ọ̀rúndún náà ṣe ń lọ sópin, Glen Allen ní Virginia ń lo àmì ìràwọ̀. Àwọn ìlú mìíràn fa ìlà lásán, àwọn kan tẹ ọ̀pá dúdú méjì tàbí mẹ́ta. Kò sí àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ìjọba ní Washington pé kí wọ́n ṣe é báyìí tàbí báyẹn. Ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wá ọgbọ́n tó bá iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ mu. Nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn àmì ìgbà yẹn kò sọ orúkọ ìlú, ó ṣòro láti mọ ibi tí wọ́n ti wá, àfi bí sítáǹbù bá ṣì wà lára àpò ìwé tó gbé e. Pápá àwọn àgbà olùkójọ nìyí. Kò bójú mu kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kó owó rẹ̀ sí i.

Ní 1903 ni Àjọ Ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí àṣà náà, wọ́n sì fi lélẹ̀ pé kí orúkọ ìlú àti ti ìpínlẹ̀ hàn láàárín ìlà méjì tó dùbúlẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Àkókò náà bá òwò mu. Montgomery Ward ti ń fi kátálọ́ọ̀gù ta ọjà láti Chicago láti ọdún 1872, Sears, Roebuck sì ti dá sí i. Ní 1896 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà dé ẹnu ọ̀nà àwọn àgbẹ̀ ní oko wọn, àwọn tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀ wọ́n ní láti rin ọ̀nà jíjìn wá sí ìgboro kí wọ́n tó gba lẹ́tà. Ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1913 ni iṣẹ́ gbígbé ẹrù bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bàtà, ṣòkòtò, aago, irúgbìn àti irinṣẹ́ oko ń gba inú ilé ìfìwéránṣẹ́ kọjá lọ́pọ̀ yanturu, sítáǹbù sì ní láti wà lára gbogbo wọn.

Nígbà náà, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè lo sítáǹbù olóǹtẹ̀-ṣáájú. Oníṣòwò ní láti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ìlú rẹ̀, sítáǹbù tó ní orúkọ ìlú kan kò sì ní iṣẹ́ láti ìlú mìíràn. Kò gbọdọ̀ ju àwọn ìwé rẹ̀ sínú àpótí ẹ̀bá ọ̀nà. Ilé ìfìwéránṣẹ́ gan-an ni yóò kó wọn wá, ní títò, kí òṣìṣẹ́ lè yẹ̀ wọ́n wò. Ìwé ìpolówó, káàdì, kátálọ́ọ̀gù àti ẹrù ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń gbé e. Ìdí nìyẹn tí sítáǹbù olówó kékeré, ti sẹ́ǹtì 1 àti sẹ́ǹtì 2, fi pọ̀ lọ́wọ́ àwọn olùkójọ, tí ti dọ́là kan sókè kò sì fi wọ́pọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń tẹ òǹtẹ̀ náà ṣe pàtàkì, torí òun ni olùkójọ fi ń mọ oríṣi kan yàtọ̀ sí èkejì. Ìlú tó ń lo sítáǹbù púpọ̀ máa ń ní àwo ìtẹ̀wé onírin tó lè tẹ ọgọ́rùn-ún sítáǹbù lẹ́ẹ̀kan náà, mẹ́wàá ní ìbú, mẹ́wàá ní òró, odidi abala kan. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni, nítorí náà lẹ́tà rẹ̀ mọ́, ìlà rẹ̀ gún, tàdáwà rẹ̀ sì dọ́gba. Ìlú kékeré ní òǹtẹ̀ ọwọ́, tí wọ́n fi rọ́bà tàbí irin ṣe, tó ń lu sítáǹbù mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Òṣìṣẹ́ á tẹ̀ ẹ́ mọ́ páàdì tàdáwà, á gbé e lé igun abala, á tẹ̀ ẹ́, á gbé e sí igun kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí abala náà yóò fi kún. Ibi tó bá ti yẹ̀ díẹ̀, orúkọ ìlú á wọ́. Ibi tí tàdáwà bá ti pọ̀ jù, inú lẹ́tà O àti A á dí. Nígbà mìíràn òṣìṣẹ́ á gbé abala sódì, òǹtẹ̀ á sì dojú délẹ̀. Àwọn ìlú kan lo ẹ̀rọ aṣẹ̀dà ìwé tó wà ní ọ́fíìsì, àwọn kan kó iṣẹ́ náà fún ilé ìtẹ̀wé àdúgbò, tó fi irú lẹ́tà tó ń lò fún ìwé ìkésíni tẹ̀ ẹ́. Ó dára kí ojú mọ gbogbo èyí díẹ̀díẹ̀. Láti ara ìrísí lẹ́tà nìkan, ẹni tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ lè sọ bóyá àwo onírin ni tàbí rọ́bà, kí ó tó wo orúkọ ìlú.

Àwọn ìlú kékeré wọ̀nyí ló sọ ohun ìdínkù iṣẹ́ lásán di àkọsílẹ̀ ìtàn òwò. Ìlú tí kò ní ilé iṣẹ́ ńlá lè ní ẹnì kan ṣoṣo tó ń fi ìwé ránṣẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè, ìyẹn sì tó láti mú kí ilé ìfìwéránṣẹ́ rẹ̀ ní òǹtẹ̀ tirẹ̀. Ní Shenandoah, ní ìpínlẹ̀ Iowa, Henry Field àti Earl May ta irúgbìn àti igi ẹlẹ́so fún àwọn àgbẹ̀ nípasẹ̀ ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́. Ní Girard, ní Kansas, Emanuel Haldeman-Julius bẹ̀rẹ̀ ní 1919 láti máa tẹ àwọn ìwé pélébé tí wọ́n wá ń pè ní Little Blue Books, tí ó wá ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní sẹ́ǹtì 5 fún àwọn òṣìṣẹ́ tó fẹ́ kàwé tí owó ìwé ńlá kò sí lọ́wọ́ wọn. Àìmọye mílíọ̀nù lára ìwé wọ̀nyẹn ló ti ìlú kékeré yẹn jáde. Nígbà tí olùkójọ bá rí sítáǹbù tó ní orúkọ Girard tàbí Shenandoah lójú, ó ń wo ohun tó kù lára owó tí irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ san. Ìwé ìṣirò ilé ìtajà ti jóná tàbí ó ti jẹrà. Sítáǹbù náà ṣì wà, orúkọ ìlú sì ṣì hàn lójú rẹ̀. Èyí ló yẹ kó fa èèyàn sí irú àkójọ yìí ju iye owó rẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá, Washington rí i pé fún àwọn ìlú ńlá, ó sàn kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ náà níbi tí wọ́n ti ń tẹ sítáǹbù gan-an. Ní 1916, Bureau of Engraving and Printing, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń tẹ owó àti sítáǹbù, dán an wò fún ìlú mẹ́ta: Augusta ní Maine, Springfield ní Massachusetts, àti New Orleans ní Louisiana. Àwọn sítáǹbù ìdánwò yẹn ṣọ̀wọ́n gidigidi lónìí. Ní 1923 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní kíkún, ó sì ń bá a lọ títí di 1978. Láàárín ìgbà yẹn, pàápàá pẹ̀lú àwọn sítáǹbù tó ní àwòrán àwọn Ààrẹ Amẹ́ríkà tó jáde ní 1938, ilé iṣẹ́ náà tẹ òǹtẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlú, àti lórí abala àti lórí sítáǹbù oníkákò tí àwọn oníṣòwò ń ki bọ ẹ̀rọ tó ń lẹ̀ ẹ́.

Iye owó tó wà lójú sítáǹbù náà ń sọ ìtàn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1925, owó ìwé ìpolówó gòkè sí sẹ́ǹtì kan àti ààbọ̀, sítáǹbù tó bá a mu sì jáde pẹ̀lú àwòrán Warren Harding, Ààrẹ tó kú ní 1923. Nínú ọ̀wọ́ ti 1938, Martha Washington, ìyàwó Ààrẹ àkọ́kọ́, ni wọ́n fi sórí sẹ́ǹtì kan àti ààbọ̀. Ẹni tó bá ra ìdì sítáǹbù olóǹtẹ̀-ṣáájú yóò bá obìnrin yìí pàdé láìmọye ìgbà, nítorí kò fi bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ tí sẹ́ǹtì kan àti ààbọ̀ ń ṣe ju gbígbé ìwé ìpolówó lọ. Ní 1960, ti sẹ́ǹtì kan àti ìdá mẹ́rin tún jáde, pẹ̀lú àwòrán ààfin àwọn gómìnà ní Santa Fe, fún àwọn ẹgbẹ́ tí kì í ṣòwò jèrè.

Ìbẹ̀rù àtúnlò tún gbérí ní 1938. Ẹrù ń lo sítáǹbù olówó ńlá, ẹni tó gba ẹrù sì lè bó sítáǹbù rẹ̀ kí ó tà á padà fún oníṣòwò kan ní ìlú tó ti wá. Ìjọba pàṣẹ pé lórí gbogbo sítáǹbù olóǹtẹ̀-ṣáájú tó bá ju sẹ́ǹtì 6 lọ, kí oníṣòwò tẹ lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú oṣù àti ọdún tó lò ó. Àwọn ilé ìtajà oníkátálọ́ọ̀gù wà lára àwọn tó kan jù lọ. Fún olùkójọ, òfin yìí ṣí ẹ̀ka tuntun pátápátá: sítáǹbù tó sọ ìlú, tó sọ oníṣòwò, tó tún sọ oṣù. Ẹni tó bá ní sùúrù lè kó oṣù lé oṣù jọ fún ilé ìtajà kan ṣoṣo, kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí bí òwò rẹ̀ ṣe ń lọ.

Ìdíje ti ń dìde fún sítáǹbù yìí láti ẹ̀gbẹ́ méjì. Láti 1904, òfin gba oníṣòwò tó ní ìwé púpọ̀ láyè láti tẹ àmì owó sórí àpò ìwé láìlo sítáǹbù rárá. Ní 1920, ìjọba fọwọ́ sí ẹ̀rọ Pitney-Bowes, tó ń tẹ iye owó sórí lẹ́tà fúnra rẹ̀ tó sì ń ka iye tó ti tẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn kò ní ìṣòro àtúnlò, kò sì sí abala tí ẹnikẹ́ni yóò máa ya. Díẹ̀díẹ̀ ni ó gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lọ́wọ́ sítáǹbù.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà tilẹ̀ gbìyànjú láti gbé àṣà náà dé ọwọ́ ará ìlú. Ní Kérésìmesì 1969, nígbà tí káàdì máa ń kún ilé ìfìwéránṣẹ́ dé òrùlé, wọ́n tẹ òǹtẹ̀ ṣáájú sórí sítáǹbù Kérésìmesì sẹ́ǹtì 6 fún ìlú mẹ́rin: Atlanta, Baltimore, Memphis àti New Haven. Ní 1970 wọ́n ṣe é fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní 1974 wọ́n ṣe sítáǹbù sẹ́ǹtì 10 tó ní àwòrán ẹyẹ àdàbà, tó ń lẹ̀ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n fi omi tàbí itọ́ kàn án, wọ́n sì gé ojú rẹ̀ léèlà kí ó lè ya bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bó o. Òun ni sítáǹbù alẹ̀fúnra-rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò dára tó. Pẹ̀lú ọdún, ó ba àwọ̀ sítáǹbù náà jẹ́.

Ní 1978, orúkọ ìlú kúrò lára òǹtẹ̀ tí ilé iṣẹ́ Washington ń tẹ̀, ó ku ìlà méjì lásán. Nínú ọ̀wọ́ sítáǹbù oníkákò alájò tó bẹ̀rẹ̀ ní 1981, tó ní àwòrán kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ àti ọkọ̀ ojú irin àtijọ́, ọ̀rọ̀ tó ń sọ irú iṣẹ́ tí sítáǹbù wà fún ni wọ́n ń tẹ̀ sójú rẹ̀. Láti ìgbà náà, sítáǹbù tí Washington tẹ òǹtẹ̀ sí kò sọ ibi tó ti wá mọ́, adùn púpọ̀ sì ti kúrò níbẹ̀ fún ẹni tó ń kó ìlú jọ.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn náà ní tiwọn. Kánádà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá àti ìlà lásán ṣáájú kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí. Lẹ́yìn náà ni orúkọ ìlú wọlé. Ní 1931 wọ́n fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ, nọ́ńbà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ń lò fún ìwé ìfowóránṣẹ́. Toronto ni 4530. Ẹni tí kò bá ní ìwé atọ́nà kò lè mọ ìlú náà. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, láti 1894, òǹtẹ̀ àyílù tó ní orúkọ ìlú àti ọdún ni wọ́n ń yí gba orí abala, wọ́n á sì kọ orúkọ ìlú bíi Brussels ní Faransé àti ní Dutch pa pọ̀.

Ti Faransé yẹ fún àfiyèsí tirẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1860, àwọn ilé ìwé ìròyìn kan ń lẹ sítáǹbù mọ́ bébà kí wọ́n tó tẹ ìròyìn, kí ọ̀rọ̀ ìròyìn fúnra rẹ̀ lè gba orí sítáǹbù kọjá kí ó sì pa á. Ní 1893 wọ́n dán òǹtẹ̀-ṣáájú wò ní Paris, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sórí rẹ̀ nínú ìlà márùn-ún. Kò tọ́jọ́. Ní 1920 ni wọ́n padà sí i, wọ́n tẹ Paris àti ọdún sórí sítáǹbù tó ní àwòrán obìnrin afúnrúgbìn. Ní 1922 wọ́n tẹ òǹtẹ̀ rìbìtì-ààbọ̀ tí kò ní orúkọ ìlú, tó bá gbogbo Faransé mu, tí wọ́n sì mú lọ sí Àlgéríà pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ni ìjọba wá ń ya àwòrán fún sítáǹbù olóǹtẹ̀-ṣáájú nìkan: àkùkọ ní 1954, owó ẹyọ àwọn Gaul ní 1964, àwọn àmì ìràwọ̀ ní 1977. Wọ́n rẹwà. Àmọ́ ìlú kò sí lórí wọn, ohun tí wọ́n ń sọ fún olùkójọ sì yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà.

Àwọn olùkójọ Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ Precancel Stamp Society sílẹ̀ ní 1922, ẹgbẹ́ náà sì ṣì wà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ṣe ìwé atọ́nà tó ka ìlú kọ̀ọ̀kan àti oríṣi òǹtẹ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú òmíràn fún àwọn tí Washington tẹ̀. Iṣẹ́ wọn kò rọrùn, nítorí òfin ní kí ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ tà á fún ẹni tó ní ìwé àṣẹ nìkan. Olùkójọ ní láti tọrọ àpò ìwé àtijọ́ lọ́wọ́ ọ́fíìsì, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìtajà. Àwọn kan kọ̀wé bẹ ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́, àwọn ọ̀gá kan sì gbà, wọ́n lu òǹtẹ̀ lé sítáǹbù tí oníṣòwò kankan ní ìlú náà kò lò rí, bíi ti ìrántí tàbí ti dọ́là. Irú òǹtẹ̀ àánú bẹ́ẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ àkójọ títí di òní. Kò burú láti ní wọn, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ ẹ̀rí òwò, ó sì yẹ kí ẹni tó bá ní wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà tó dára jù ni kó ra ìdì àdàlù ńlá, ẹgbẹ̀rún sítáǹbù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń ta sítáǹbù máa ń tà á ní owó pọ́ọ́kú, torí pé sítáǹbù olóǹtẹ̀-ṣáájú púpọ̀ kò wọ́n. Èyí jẹ́ àǹfààní gidi: ọmọ ilé ìwé lè kó o jọ, owó oṣù kò sì ní tán sí i. Nínú ìdì bẹ́ẹ̀, New York, Chicago àti àwọn ìlú ńlá mìíràn yóò pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Kí ó yà wọ́n sọ́tọ̀, kí ó to ìyókù sí ìpínlẹ̀ wọn, kí ó sì to ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àbídí ìlú. Ìgbà tó bá fi tò ó tán, ojú rẹ̀ á ti mọ ọ̀pọ̀ nǹkan tí ìwé kò lè kọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ni yóò yan pápá, torí bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ jọ, yóò sú u. Àwọn kan ń wá sítáǹbù kan láti ìlú kọ̀ọ̀kan ní ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo, èyí sì ni a lè gba olùbẹ̀rẹ̀ níyànjú sí jù. Ìpínlẹ̀ tí kò tóbi jù, bíi Vermont tàbí Delaware, ní ààlà tí ojú lè rí. Fún Yorùbá tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ tó ń gbé ni ó bọ́gbọ́n mu jù: yóò bá orúkọ àwọn ìlú tó ń wakọ̀ gbà pàdé, á sì rí i pé àwọn kan lára wọn ti jẹ́ ibùdó òwò kí ọ̀nà márosẹ̀ tó yà wọ́n sílẹ̀. Àwọn mìíràn ń kó ìwọ̀nba àwọn tí Washington tẹ̀, nítorí ìwé atọ́nà wọn ní ìparí. Àwọn mìíràn ń kó sítáǹbù olóṣù-àti-ọdún nìkan.

Ìpínlẹ̀ ni kó máa kọ́kọ́ kà lójú sítáǹbù, kó tó ka ìlú, nítorí orúkọ ìlú ń tún ara wọn ṣe. Springfield wà ní Massachusetts, ní Illinois, ní Missouri àti ní Ohio, gbogbo wọn sì lo òǹtẹ̀. Ìgékúrú ìpínlẹ̀ náà tún ń tọ́ka sí ìgbà. MASS., CALIF., CONN. àti ILL. jẹ́ ti àtijọ́. Ìgékúrú onílẹ́tà méjì bíi MA, CA, CT àti IL dé lẹ́yìn tí nọ́ńbà àdírẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1963. Bí sítáǹbù ọdún 1938 bá ní ìgékúrú tuntun, ó yẹ kó yani lẹ́nu.

Irinṣẹ́ kò pọ̀: ẹ̀mú kékeré tí ẹnu rẹ̀ tẹ́jú, díńgí tó ń sọ nǹkan di ńlá, ohun tí wọ́n fi ń wọn ihò etí sítáǹbù, àti ìwé atọ́nà. Sítáǹbù tó ṣì wà lára bébà, omi tútù tàbí omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí, kí gọ́ọ̀mù tú fúnra rẹ̀, kí wọ́n sì sá a sáàárín bébà tó ń fa omi. Èyí tó wà lórí bébà pupa tàbí aláwọ̀ ewé ní láti wà nínú omi tirẹ̀, torí àwọ̀ náà yóò ran gbogbo ìyókù. Ti 1974 tó ń lẹ̀ fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ omi rárá. Bí odidi àpò ìwé, káàdì tàbí bébà ẹrù bá wà pẹ̀lú sítáǹbù lára, kí ó máa wà bẹ́ẹ̀. Ìwé ìpolówó ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń sọ nù, nítorí náà odidi ẹyọ kan tó sọ ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ọjà tó ń tà ṣọ̀wọ́n ju ọgọ́rùn-ún sítáǹbù tí wọ́n ti bó lọ.

Ipò sítáǹbù náà ní òfin tirẹ̀. Ẹ̀rọ ló lẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn, nítorí náà igun á ya, ihò etí á ge. Fún ìlú ńlá, kò sí ìdí láti gba èyí tó ya. Fún ìlú kékeré kan tí sítáǹbù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ lọ́wọ́ ẹni, kí ó gba èyí tó rí títí tó sàn jù yóò fi dé. Òǹtẹ̀ tó dojú délẹ̀ kì í ṣe ìṣúra bí ó bá jẹ́ òǹtẹ̀ ọwọ́, nítorí òṣìṣẹ́ kàn gbé abala sódì ni, ó sì wọ́pọ̀. Àmọ́ lórí èyí tí Washington tẹ̀, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an, ó sì yẹ kí wọ́n fi hàn ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ayédèrú wà. Rọ́bà olówó pọ́ọ́kú tó láti lu orúkọ ìlú tó ṣọ̀wọ́n lé sítáǹbù lásán. Ohun tó máa ń tú u fó ni pé ìrísí lẹ́tà rẹ̀ kò bá èyí tó wà nínú ìwé atọ́nà mu, tàbí kí òǹtẹ̀ wà lórí sítáǹbù tí kò tíì jáde nígbà tí ìlú náà ń lo irú òǹtẹ̀ yẹn. Olùbẹ̀rẹ̀ tó ń ra ìdì àdàlù kò ní ewu púpọ̀ nínú èyí; ìgbà tó bá fẹ́ san owó gidi lórí ẹyọ kan ni kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Kí ó sì máa kọ sí abẹ́ sítáǹbù kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì, ìlú, ìpínlẹ̀, nọ́ńbà oríṣi inú ìwé atọ́nà, àti orúkọ oníṣòwò tó lò ó bí ó bá mọ̀ ọ́n.